Ta Ló Ni Títì Yìí?

Bí èèyàn bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Agége, tó sì bi onílé pé ta ló ni títì tó wà níwájú ilé rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́: "Ìjọba ni." Bó bá tún bi í pé ìjọba wo, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín. Ìjọba mẹ́ta ló wà ní Nàìjíríà. Gbogbo wọn ló ní títì, gbogbo wọn ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "tiwa kọ́ nìyẹn." Èyí tó kéré jù nínú wọn, tó tún jẹ́ òun ló ni títì jù, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Káńsù ni, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ aṣọ. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ṣíṣe títì àti títọ́jú rẹ̀, iná ojú títì, gọ́tà, ọgbà ìtura àti gbàgede, ọjà, gáréèjì àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ilé ìgbẹ́ gbogboògbò àti kíkó ìdọ̀tí, títí dé orí sísọ àdúgbò lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Àkọsílẹ̀ ìbí ọmọ wà níbẹ̀, itẹ́ òkú náà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn títí di ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín, abẹ́ àkóso káńsù ló ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ gómìnà nìkan ló mọ̀.

Àwọn ẹnjiníà ní orúkọ tí wọ́n fi ń pín in: Trunk A ni títì ìjọba àpapọ̀, Trunk B ni ti ìpínlẹ̀, Trunk C ni ti káńsù. Nínú gbogbo títì tó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ káńsù 774. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò rí ọ̀dà rí: ọ̀nà oko ni, ọ̀nà abúlé ni, ojúlé tó já sí ojúlé. Ní ti owó tó ń wọ àpò àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, àwọn káńsù ń mú 20.60. Ẹni tó ni ìdá méjì nínú mẹ́ta títì ló ń gba ìdá kan nínú márùn-ún owó. Òótọ́ ni pé ìṣirò yìí kò pé tán, torí títì ìjọba àpapọ̀ fẹ̀ jù, òun ló sì ń gbé tírélà. Síbẹ̀, ó fi ibi tí ẹrù wà hàn, ó sì fi ibi tí owó wà hàn.

Kí owó yẹn tó dé ọwọ́ káńsù, ó ní àwọn ibùdókọ̀ tó gbọ́dọ̀ dúró sí. Abala 162 nínú ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò kan tí owó gbogbo káńsù rẹ̀ yóò máa wọ̀. Inú àpò yìí ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ìpín àwọn ọba náà wà níbẹ̀. Èyí tó kù ló ń di owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fúnra wọn. Títì ló ń jẹ àjẹkù, bí àjẹkù bá wà.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n ní kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kí gómìnà kankan má sì fi alága afìdíhẹ rọ́pò ẹni tí ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ náà dùn létí. Oṣù gorí oṣù lẹ́yìn rẹ̀, owó ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́.

Ìjà lórí ẹni tó ni káńsù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Action Group, yan òyìnbó kan, E. W. J. Nicholson, akọ̀wé káńsù ìlú Abingdon ní England, pé kó wá yẹ ìwé káńsù Ìbàdàn wò. Adégòkè Adélabù, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC, ni alága káńsù náà. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí jáde, Adélabù fipò sílẹ̀ ní 1956. Àwọn kan ní ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n tú fó, àwọn kan ní ọ̀tá òṣèlú ni wọ́n ń lé. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2025, ẹgbẹ́ méjì tún ń du ilé káńsù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Owó káńsù ìpínlẹ̀ náà dúró, àwọn òṣìṣẹ́ sì jókòó sílé. Gọ́tà kò bá ẹnikẹ́ni dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, àmọ́ òun ni ìjà náà ń pa lára.

Bó bá ṣe pé owó nìkan ni ìṣòro, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Káńsù tó gba owó rẹ̀ pé pérépéré ṣì lè ba títì jẹ́ bí kò bá mọ ohun tó ń pa á.

Omi ló ń pa á. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ àti erùpẹ̀ pupa pẹ̀lú òkúta tí wọ́n tò lé e lórí ló ń gbé e. Òrùlé ni ọ̀dà jẹ́ fún wọn, kí òjò má baà wọlé. Bí gọ́tà bá dí, omi á dúró sí etí títì. Á máa rìn wọ abẹ́ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á rọ̀. Ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà á sán. Ojú ibi tó sán yẹn ni òjò tó tẹ̀ lé e ń gbà wọlé, táyà á sì máa fa omi ẹlẹ́rẹ̀ jáde pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́. Kó tó di pé àwọn èèyàn ń pè é ní kòtò, ó ti lé ní oṣù mélòó kan tí títì náà ti ń ṣàìsàn.

Ìwúwo ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà lo títì kan tí wọ́n kọ́ ní ìpínlẹ̀ Illinois fún ìdánwò nìkan, wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gun orí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Bí ìwúwo tó wà lórí irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tó ń ṣe fún títì kì í di ìlọ́po méjì. Ó ń tó ìlọ́po 16. Ìdí nìyẹn tí típà yanrìn kan tó ń wọ inú àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ́lé fi lè ba ojú títì jẹ́ ju gbogbo mọ́tò àwọn onílé ibẹ̀ lọ. Irin tí àwọn àdúgbò kan gbé dábùú ẹnu ọ̀nà wọn, kí ọkọ̀ gíga má baà kọjá, lè máa bí awakọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ronú kàn án mọ ohun tó ń ṣe.

Kòtò dídí náà ní ìlànà. Wọ́n á gé etí kòtò títí wọ́n á fi kan ibi tó le, wọ́n á gbá erùpẹ̀ àti omi inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á wọ́n ọ̀dà ṣíṣàn sí i kí tuntun lè lẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá da ọ̀dà olókùúta gbígbóná sí i, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tí ìlú ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni òkúta àti yanrìn tí típà kan dà sójú kòtò, kí ọkọ̀ máa fi táyà tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ló ń kó o lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì dí kòtò, tí wọ́n ń nawọ́ sí awakọ̀ fún owó, kì í ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ; ohun tí wọ́n fi ju ọ̀pọ̀ káńsù lọ ni pé wọ́n ń padà wá lọ́la.

Ìpadàwá yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Ní 1994, Báńkì Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé ọdọọdún rẹ̀ pé, ní Áfíríkà, 12 bílíọ̀nù dọ́là tí wọn ò ná sórí títọ́jú títì lásìkò láàárín ọdún mẹ́wàá sọ owó àtúnkọ́ àwọn títì náà di 45 bílíọ̀nù. Ẹni tó bá fi náírà kan pamọ́ lórí gọ́tà ń yá nǹkan bíi náírà mẹ́rin lórí ọ̀dà, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì san án.

Àwọn àgbàlagbà tó dé ayé PWD, iléeṣẹ́ ìjọba òyìnbó tó ń rí sí títì, rí i bí ó ṣe ń rí kí ìpadàwá jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àgọ́ àwọn lébírà wà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì àti báárò ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n ń ro etí ọ̀nà, wọ́n ń la ojú omi, wọ́n ń dí ihò kó tó di kòtò. Nínú ìlú, wolé-wolé ń wọ agboolé: gọ́tà tó dí, àmù tí tanwíjí wà nínú rẹ̀, ààtàn tó sún mọ́ kànga. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì kórìíra rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ayé yẹn di ayé adùn, torí ìjọba amúnisìn ni, ọwọ́ rẹ̀ sì le mọ́ tálákà. Kí òyìnbó tó dé rárá, ìlú ń pe ara wọn jọ láti ro ojú ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò, ẹni tí kò jáde sì ń sanwó ìtanràn. Ọ̀nà méjèèjì ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ káńsù òní kò ní: gbogbo ibùsọ̀ ọ̀nà ló ní ẹni tí wọ́n lè dá lẹ́bi.

Ìbàdàn ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí, owó náà sì wọ́n. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gba àárín ìlú kọjá, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ẹ̀mí tó bá a lọ sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò kan tún rọ̀ tí omíyalé rẹ̀ pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn afárá wó, adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya. Láàárín ọdún 31 tó wà láàárín méjèèjì, àwọn èèyàn ṣì ń da ìdọ̀tí sójú omi, wọ́n sì ń kọ́lé sí etí odò, pẹ̀lú ìwé tàbí láìsí ìwé. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn: afárá, ojú odò, àtúnṣe ìdídò Ẹlẹ́yẹlé. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí káńsù kan tó lè dá a ṣe. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ afárá tán, ta ni yóò kó ọ̀rá àti ike tó há sí abẹ́ rẹ̀ kí oṣù Kẹta tó pé? Káńsù 11 ló pín Ìbàdàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Omi tó ń ṣàn kò mọ ààlà káńsù, ẹni tó wà lókè sì lè gbá ìdọ̀tí tirẹ̀ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀ láìjẹ̀bi níbi kankan. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ojú odò tó gba káńsù púpọ̀ kọjá yẹ kó ní àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, tó sọ ibi tí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan parí sí.

Òṣèlú náà ní ìṣirò tirẹ̀. Títì ọlọ́dà tí wọ́n ṣe dáadáa, tí wọ́n sì ń tọ́jú, lè lo ọdún 15 sí 20. Ọdún 3 ni alága káńsù ń lò ní Ọ̀yọ́ àti Ògùn. Ní Èkó, ọdún 4 ni. Alága tó ṣe títì tuntun á gé rìbọ́ọ̀nù, ìlù á dún, orúkọ rẹ̀ á wà lára pátákó. Ta ló ti rí alága tó pe onílù wá síbi gọ́tà tí wọ́n kó? Nítorí náà ni iná ojú títì tó ń lo oòrùn fi ń pọ̀ sí i kí ìbò tó dé, tí bátìrì rẹ̀ á sì kú láàárín ọdún díẹ̀ láìsí ẹni tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìdí kan náà ni kànga ẹlẹ́rọ fi ń dákẹ́ nítorí wọ́ṣà kan, tí gírédà káńsù á sì dúró sí ẹ̀yìn ọgbà sẹkitéríàtì pẹ̀lú táyà tó ti jó rẹ̀yìn, tí koríko á yọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ibòmíràn. Ní Peckham, ní gúúsù London, níbi tí Yorùbá ti pọ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, káńsù Southwark ló ni Rye Lane. Old Kent Road, tí kò jìnnà síbẹ̀, kì í ṣe tiwọn. Transport for London ló ni ín. Ẹni tó bá kọsẹ̀ nínú ihò lórí Rye Lane mọ ẹni tó máa pè lẹ́jọ́. Abala 41 nínú òfin Highways Act ti ọdún 1980 ní dandan ni kí aláṣẹ títì máa tọ́jú rẹ̀. Abala 58 wá fún aláṣẹ náà ní ààbò: bó bá lè fi hàn pé òun ṣe gbogbo ohun tó tọ́ láti mú kí títì náà má léwu, kò jẹ̀bi. Kí ni yóò wá fi hàn án? Ìwé ni. Ọjọ́ tí alábẹ̀wò rìn ín, ohun tó rí, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló kọ́ wọn ní kíkọ nǹkan sílẹ̀, kì í ṣe inú rere. Ẹni tó bá sì gbẹ́ títì nítorí páìpù tàbí wáyà gbọ́dọ̀ dí i padà, kó sì dúró fún un fún ọdún 2 ó kéré tán. Òfin ọdún 1991 ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí kò sọ títì wọn di ọ̀run o. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà níbẹ̀ ṣírò pé owó tí yóò tún títì àwọn káńsù England àti Wales ṣe délẹ̀ ju 16 bílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Kòtò wà ní London. Ìyàtọ̀ ni pé kòtò ibẹ̀ ní olówó orí.

Ní ilé, ẹni tí kòtò bá gé táyà rẹ̀ máa ń dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i. Ọ̀rọ̀ parí.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn èèyàn ń wòran. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ló ń ra tiransífọ́mà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ló ń háyà gírédà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ló ń dáwó gọ́tà. Onílé tó ṣe gbogbo èyí tún ń sanwó fún ìjọba. Ní Èkó, òfin Land Use Charge ti ọdún 2001 kó owó tí òfin ní kí káńsù gbà lórí ilé mọ́ ti ìpínlẹ̀ sínú ìwé owó kan ṣoṣo. Ó dín wàhálà gbígba owó kù, ó sì mú kí ó ṣòro fún ẹni tó san án láti mọ èyí tó yẹ kó di gọ́tà nínú rẹ̀. Àwọn káńsù Èkó ti ṣe ohun kan tó dára, ìyẹn íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tò sí ojúlé kéékèèké. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ fa páìpù, wọ́n lè hú u, kí wọ́n sì tún un tò, láìdúró de ẹ̀rọ ọ̀dà tí káńsù kò ní.

Ọjà náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná ní ọjọ́ 5, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ káńsù ni ìwé òfin pe ọjà. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí ìpínlẹ̀ fún ìyẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù lójoojúmọ́ kéré ju kíkọ́ ọjà lọ: kí ọ̀nà tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù fẹ̀ tó ọkọ̀ panápaná, kí ẹnikẹ́ni má gbé àtẹ dí i, kí omi wà nítòsí, kí wáyà iná má so kọ́ra bí ìtàkùn.

Ohun tí káńsù lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tó ní báyìí kò ju ìwé kan lọ. Orúkọ títì kọ̀ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù, gígùn rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, bóyá gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iye ojú omi tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọjọ́ tí wọ́n wò ó kẹ́yìn àti orúkọ ẹni tó wò ó. Fóònù kan àti ẹsẹ̀ méjì ló gbà. Kí wọ́n rìn ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí àyè wà láti kó gọ́tà, àti nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù Kẹjọ, kí wọ́n rí ohun tí ìdajì àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Kòtò dídí yẹ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Káńsù tó bá ń pín iṣẹ́ ọ̀dà fún agbaṣẹ́ṣe láàárín oṣù Keje ń fi owó ìlú pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò sì sí nípò ìjọba lè béèrè ìwé náà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó bá béèrè àkọsílẹ̀ lóhùn. Àríyànjiyàn wà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bóyá òfin náà dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ àti káńsù. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́tà náà kò gba lọ́yà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù lè kọ ọ́ ní ìpàdé oṣù yìí, kó sì béèrè ohun mẹ́ta: èwo nínú àwọn títì wọ́ọ̀dù yìí ni ti káńsù, ọjọ́ wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, èló sì ni ètò ìṣúná ọdún yìí yà sọ́tọ̀ fún títọ́jú wọn, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tuntun. Kó mú ẹ̀dà méjì lọ sí sẹkitéríàtì káńsù, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí ọ̀kan, kó sì mú un padà wálé.